Wákàtí Tí Àǹtí Déédéé Yọ Kúrò

Àǹtí mi kò mọ irọ́ pa, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó di òpùrọ́ o. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí o bá ṣèèṣì fún wọn ní ṣéńjì tó lé, wọ́n á sáré tẹ̀ lé ọ dé ìparí àdúgbò láti dá a padà. Irú wọn lẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń tọ́jú ló sọ ọ́ ní Àǹtí Déédéé, torí bó bá ní òun ń bọ̀ ní aago méje, aago méje géérégé ni wàá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn tí kò lè dìde fúnra wọn. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ ló gbà á síṣẹ́, àwọn ló ń sanwó rẹ̀, àwọn náà ló ń sọ ilé tó máa lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gbé àgbàlagbà kúrò lórí ibùsùn bọ́ sórí àga. Ó ga, ó gbẹ, apá rẹ̀ sì le ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Àyà aṣọ ló máa ń fi pín-ìnnì kọ́ aago rẹ̀ mọ́, torí aago ọwọ́ lè ha aláìsàn lára. Kò tíì lọ́kọ rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá wa fi ṣàìsàn, òun ló sì dúró tì í. Nígbà tí màmá máa fi lọ, àwọn ọkùnrin tó wà lóde ti ń wá ẹni tó kéré sí i. Èmi àbúrò rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì owó-orí, lójú fèrèsé kẹta, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń wá tú ìbínú àárọ̀ wọn lé mi lórí.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, Káfíńtà ni gbogbo wa ń pè é. Òrùlé ló ń kàn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, igi kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilé alájà mẹ́ta, ó sì já bọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì kú, ọwọ́ ọ̀tún sì kù díẹ̀ káàtó. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ fi í sí ìpele kìíní, ìyẹn ìpele àwọn tí tiwọn le jù. Wọ́n fún un ní yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé kan, ibùsùn oníná tó ń gbéra sókè fúnra rẹ̀, owó oṣooṣù, àti olùtọ́jú fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Àǹtí mi ni olùtọ́jú tí wọ́n rán sí i.

Ọdún àkọ́kọ́, ìjà ni. Káfíńtà ní òun kò fẹ́ kí obìnrin máa gbé òun. Àǹtí mi ní bí kò bá fẹ́ kí wọ́n gbé e, kó fò. Á ti pátákó tó ń yọ̀ bọ abẹ́ ìdí rẹ̀, á di bẹ́líìtì mọ́ ọn, á ní "Ọ̀kan, èjì," àwọn méjèèjì á jọ mí kanlẹ̀, á sì fà á bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ arọ. Wákàtí méjì-méjì ló ń yí i lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa di egbò. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti bi í bí iṣẹ́ ṣe lọ, Káfíńtà sọ báyìí, Káfíńtà ṣe báyìí ni mò ń gbọ́. Mo ní, "Hẹn-ẹn." Ó ní, "Hẹn-ẹn kí ni?" Mo ní kò sí.

Ọdún kẹta ni Káfíńtà ní kó fẹ́ òun. Àǹtí mi ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta gbà. Wọ́n lọ gba ọjọ́ níbi tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, wọ́n fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì kan, aago méjìlá ọ̀sán. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun, bàtà náà sì kéré sí mi, mo ṣáà wọ̀ ọ́ kiri inú ilé kó lè gbà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbéyàwó, ni lẹ́tà dé. Àǹtí mi gbé e wá sílé mi, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ka èyí fún mi," ó ní.

"Ẹ ti kà á, àǹtí. Mo rí i lójú yín."

"Kà á. Bóyá èmi ni ò yé."

Mo kà á. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ ló kọ ọ́ sí Káfíńtà. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ara rẹ̀ ń yá. Lóṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, wákàtí mẹ́jọ ni olùtọ́jú rẹ̀ ń lò lórí rẹ̀ lójúmọ́. Ní báyìí, wákàtí márùn-ún àbọ̀ ni. Nítorí náà, àwọn fẹ́ gbé e kúrò ní ìpele kìíní bọ́ sí ìpele kẹta. Wọ́n á gba ibùsùn oníná. Wọ́n á gba ilé ìsàlẹ̀ náà fún ẹni tí tirẹ̀ le jù ú lọ. Wákàtí méjì ni olùtọ́jú á máa fi wá. Alábẹ̀wò á dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀, láti fojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n tó fòǹtẹ̀ lù ú.

Mo ní, "Wákàtí márùn-ún àbọ̀ báwo? Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde nílé ní aago mẹ́fà àbọ̀? Ta ló kọ wákàtí márùn-ún àbọ̀?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Lójoojúmọ́ ni olùtọ́jú máa ń kọ fọ́ọ̀mù: ohun tó ṣe, iye ìṣẹ́jú tó fi ṣe é. Ohun tó bá kọ ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Mo bi í pé kí ló wá mú kó kọ ohun tó dín.

"Mo yọ èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ kúrò ni."

"Èwo ni kì í ṣe iṣẹ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Èyí tí a fi ń ṣeré."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan, Káfíńtà ń sọ ìtàn onílé kan tí kò fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde fún wọn, tó ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀ lójú oòrùn nígbà tí wọ́n ń tú òrùlé lórí rẹ̀. Òun jókòó sí etí ibùsùn, òun sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Nígbà tí òun fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọwọ́ òun kọ̀. Ta ló yẹ kó sanwó ẹ̀rín? Òun yọ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, bí òun bá ti rí i pé òun ń wo Káfíńtà bí obìnrin ṣe ń wo ọkùnrin, òun á yí ojú aago tó wà láyà òun sínú. Bí òun bá padà sẹ́nu iṣẹ́, òun á yí i síta.

Inú bí mi débi pé mo dìde, mo tún jókòó. "Àǹtí! Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́? Èmi tí mò ń mu tíì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń sanwó tíì náà fún mi!"

"Ìwọ lo mọ bí o ṣe ń ṣe iṣẹ́ tìẹ," ó ní.

Mo fa kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá yọ, mo sì ṣírò gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Lápá owó-orí, ìgbéyàwó á ṣe wọ́n lóore. Olúkúlùkù wa ló ní ìwọ̀n owó kan tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn nínú ohun tó bá pa. Káfíńtà kì í lo tirẹ̀, torí wọn kì í gba owó-orí lórí owó ìrànwọ́. Bí wọ́n bá ti di tọkọtaya, ó lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, owó-orí àǹtí mi á sì dín kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣírò rẹ̀. Ohun tó máa dín kù lóṣù kan kò lè ra ju sílípáàsì kan lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ òsì fẹ́ gbà kọjá èyí tí ọwọ́ ọ̀tún ń fúnni. Òfin ọ́fíìsì ìrànwọ́ ni pé wọn kì í sanwó fún ìyàwó pé ó tọ́jú ọkọ rẹ̀. Àǹtí mi mọ èyí, ó ti gbà á. Ó ní kí wọ́n máa rán ẹlòmíràn wá ní ìdajì ọjọ́, kí òun fi ìdajì yẹn ṣiṣẹ́ níbòmíràn, kí òun wà nílé pẹ̀lú ọkọ òun ní ìdajì tó kù. Ètò tó dára ni. Ohun tó gbé e dúró ni ìpele kìíní. Bí Káfíńtà bá já sí ìpele kẹta, wákàtí méjì péré ni wọ́n á fún un, ìyókù á di ti ìyàwó lọ́fẹ̀ẹ́, ìyàwó ò sì ní lè jáde lọ ṣiṣẹ́ kankan. Owó oṣù ọkọ náà á dín kù, tirẹ̀ á sì parẹ́ pátápátá. Kí ni wọ́n máa jẹ?

Ká ní ó wá lọ sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà kò dín kù ńkọ́? Wọ́n á ní kí ló dé tó fi kọ ọ́ pé ó dín kù. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé olólùfẹ́ ni òun àti ẹni tí wọ́n ń sanwó fún òun lé lórí. Wọ́n lè lé e. Wọ́n lè ní kó dá owó oṣù mọ́kànlá padà. Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i.

Mo ní, "Ẹ sọ pé aago yín ló bàjẹ́. Ó ń fà sẹ́yìn."

"Aago mi ò fà sẹ́yìn rí."

"Mo mọ̀! Mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ ni!"

Kí n sòótọ́, ẹ̀rù ara mi náà ń bà mí. Inú ilé kan náà ni ọ́fíìsì wọn àti tiwa wà, àjà kejì ni wọ́n wà, a jọ ń gun àtẹ̀gùn kan. Mo ti ń gbọ́ ọ bí wọ́n á ṣe máa sọ pé ẹ̀gbọ́n obìnrin fèrèsé kẹta gbowó ìjọba fi ṣe olólùfẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé Káfíńtà. Àǹtí mi wà ní ilé ìdáná, ó ń gbóná omi. Káfíńtà fi orí pè mí sún mọ́ ibùsùn.

"Ìyá kékeré," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kò sí ìgbéyàwó mọ́."

"Èmi? Ẹ ò lẹ́nu ni?"

"Mi ò lè sọ ọ́ lójú wọn. Mo ti rò ó. Ká ṣe bí ẹni tí kò sí nǹkan kan láàárín wa. Kí ẹ̀gbọ́n yín kọ wákàtí mẹ́jọ wọn padà. Kí n máa jẹ́ iṣẹ́ wọn lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣáà máa wá lójoojúmọ́."

Kí n tó fèsì, àǹtí mi ti yọ síwájú wa pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká. "Kí lẹ sọ?"

"Mo ní ká sún un síwájú díẹ̀."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ."

"Déédéé, wọ́n fẹ́ gba ibùsùn yìí lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ibùsùn lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní bí Káfíńtà ò bá fẹ́ òun mọ́, kó sọ ọ́ ní gbangba, kó má fi ọ́fíìsì bojú. Káfíńtà ní torí pé òun fẹ́ ẹ ni òun ò ṣe lè jẹ́ kó wá di aláìníṣẹ́ lórí òun. Ó ní ọkùnrin wo ló ń fẹ́ ìyàwó kí ebi lè pa á. Ó wá yí ojú sí ògiri. Ojú nìkan ló lè yí, ara tó kù dúró síbi tí wọ́n fi í sí.

Àǹtí mi wo aago àyà rẹ̀. Àkókò àtiyí Káfíńtà ti tó. Ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká àti ìdí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀kan, èjì," ó sì yí i, ó to ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ àti sáàárín orúnkún rẹ̀. Tìbínú-tìbínú ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dìde, mo ní mò ń lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo sì ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó lé ní gbólóhùn méjì. Káfíńtà ti gé irun àgbọ̀n rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Aago mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n kanlẹ̀kùn.

Obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ni alábẹ̀wò náà. Ó kí wa dáadáa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré lé itan. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, irú wọn ni mo bẹ̀rù jù. Ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wo ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bu omi sínú ife, ó gbé e síwájú Káfíńtà.

"Ẹ bá mi fọwọ́ ọ̀tún gbé e, sà."

Káfíńtà wo àǹtí mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àǹtí mi ti fi ń fa àwọn ìka ọwọ́ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Lójoojúmọ́ ni ife máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nawọ́, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó di ife mú, ó gbé e. Ó gbé e dé ẹnu! Ó mu omi, ó sì gbé e kalẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níléèwé. Ọjọ́ tí a fẹ́ kó bọ́ ni kò bọ́. Àǹtí mi tó yẹ kó pa ojú dé, òun náà ń rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kó pàtẹ́wọ́. Mo wo àwọn méjèèjì, mo ní nínú ara mi pé orí ló pàdé orí.

Alábẹ̀wò tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá kó àwọn fọ́ọ̀mù oṣù mọ́kànlá jáde nínú báàgì rẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin lẹ kọ ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Wákàtí mẹ́jọ tẹ́lẹ̀. Méje. Mẹ́fà àbọ̀. Márùn-ún àbọ̀. Kí ló fà á? Ṣé ara wọn ló ń yá?"

Ẹnu mi ló gba iṣẹ́ náà ṣe.

"Aago wọn ni," mo ní. "Aago wọn yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń..."

"Aago mi ò ṣe nǹkan kan," ni àǹtí mi sọ. Kò wo ojú mi. "Ara wọn ò tíì yá, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lára wọn ò dín kù. Èmi ni mo yọ àkókò tí mo fi ń bá wọn ṣeré, nítorí mo fẹ́ràn wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, a fẹ́ ṣègbéyàwó."

Ìka alábẹ̀wò dúró lórí kọ̀ǹpútà. "Láti ọjọ́ wo?"

Mo mọ ìbéèrè yẹn. Ìbéèrè kan náà la máa ń bi àwọn èèyàn ní fèrèsé kẹta, lórí rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ṣubú. Àǹtí mi sọ ọjọ́ náà, ó sọ oṣù náà, ó fi kún un pé ọ̀sán ni.

"Ṣé ẹ máa ń sùn níbí?"

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ó ní. "Ọjọ́ tí òjò wọ́ afárá lọ. Orí àga yìí ni mo sùn. Àbúrò mi, yéé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Ojú tì mí, ilẹ̀ ò sì lanu. Alábẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àǹtí mi gbé Káfíńtà kúrò lórí ibùsùn, kó wẹ̀ ẹ́, kó sì gbé e sórí kẹ̀kẹ́, bó ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ó fẹ́ fi aago sí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí Káfíńtà fi máa jókòó sórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ lọ́rùn, ó ti gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣí fọ́ọ̀mù ọjọ́ kan.

"Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹ kọ síbí fún ohun kan náà."

"A jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣé ọwọ́ yín dúró nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Ọkàn mi ni ò sí lẹ́nu iṣẹ́."

Alábẹ̀wò wò ó pẹ́. Mi ò mọ ohun tó ń rò, mi ò sì lè sọ pé omi bọ́ lójú rẹ̀, torí kò bọ́. Ó padà jókòó, ó sì tẹ kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́. Mo ń ka iye àpò tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì Káfíńtà, ọ̀kan ṣoṣo ni, mo tún un kà.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. Ife kan tí èèyàn gbé lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ìwòsàn. Káfíńtà á wà ní ìpele kìíní. Ibùsùn, ilé, owó, wákàtí mẹ́jọ, ohunkóhun ò yí padà. Ẹni tó kọ iye tó kéré sí ohun tó ṣe kò jẹ ọ́fíìsì ní gbèsè, alẹ́ ọjọ́ kan lórí àga kò sì sọ èèyàn méjì di tọkọtaya. Mo mí kanlẹ̀. Àfi bó ṣe gbé ìka kan sókè.

"Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún mi, mà, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti òní, ẹ kì í ṣe olùtọ́jú wọn mọ́. A ò lè sanwó fún ẹni tó fẹ́ di ìyàwó wọn. Ẹ̀ka tó ń pín iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa á fún yín ní aláìsàn mìíràn."

"Ìdajì ọjọ́ ni mo fẹ́," ni àǹtí mi wí kíákíá. "Kí n lè wà nílé ní ìdajì kejì."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí ìyàwó bá wà nílé, a kì í rán ẹnikẹ́ni wá. Iye wákàtí tẹ́ ẹ bá fi jáde lọ síbi iṣẹ́ la máa fi rán olùtọ́jú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wákàtí mẹ́jọ fún wọn, wákàtí mẹ́jọ lẹ gbọ́dọ̀ fi máa wà níta."

Káfíńtà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló wá máa tọ́jú mi lọ́la?"

"A máa rán ẹnì kan wá, sà."

"Mi ò mọ ẹnì kankan," ó ní.

Bó ṣe rí nìyẹn. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́, mo mọ̀ pé kò sí ìkà nínú òfin náà, ẹni tó kọ ọ́ kò ro àǹtí mi ni. Inú ṣì bí mi síbẹ̀. Tí mo bá pàdé ẹni náà lórí àtẹ̀gùn wa, mi ò ní kí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fọwọ́ síwèé. Yàrá náà ò ju yàrá ìgbàlejò mi lọ. Ọwọ́ òsì ni Káfíńtà fi kọ orúkọ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, ẹni tó so wọ́n pọ̀ sì dúró jẹ́jẹ́. Àǹtí mi wọ búlúù. Kò sunkún, èmi ni mo sunkún, bàtà náà sì ń há mi lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó rí wọn. Ẹ̀ka iṣẹ́ ti fún àǹtí mi ní aláìsàn tuntun, ọkùnrin kan tó ti fìgbà kan rí jẹ́ tíṣà, ní ìparí ìlú. Ìyàwó rẹ̀ máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo yà lọ́dọ̀ wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́, torí fọ́ọ̀mù ẹ̀dínkù owó-orí tọkọtaya. Káfíńtà ní láti fọwọ́ sí i kí n tó gbé e wọlé. Àǹtí mi ti wọ bàtà iṣẹ́. Olùtọ́jú tuntun ti dé, obìnrin síngbọnlẹ̀ kan tó lóhùn pẹ̀lẹ́. Àǹtí mi ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń to ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ fá, bí tíì ṣe gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Káfíńtà ń wo òkè àjà. Obìnrin náà ń mi orí, ó ń wo ọwọ́ àǹtí mi.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo dúró sí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀yin nìyàwó wọn?"

"Èmi ni."

"Ara yín le, ẹ sì mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Kí ló wá dé tẹ́ ò fi tọ́jú wọn fúnra yín?"

Ó sọ ọ́ láìní ibi kankan nínú. Àǹtí mi ń di báàgì rẹ̀, ó dì í tán kó tó dáhùn.

"Mo fẹ́ lọ tọ́jú ọkọ ẹlòmíràn ni," ó ní.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Mo rí i láti ojú fèrèsé tó ń yára rìn lọ síbi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró, kò wẹ̀yìn. Nínú yàrá, obìnrin náà ti pátákó bọ abẹ́ ìdí Káfíńtà, mo sì gbọ́ tó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà." Kò ka ọ̀kan, kò ka èjì. Káfíńtà dúró, ó ń retí.

"Déédéé," ó pè. "Déédéé, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Fọ́ọ̀mù owó-orí wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

"Wọ́n ti lọ, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́."